Ìbò ku dẹ̀dẹ̀, gómìnà dín owó orí kù: owó wa ni àbí àbẹ̀tẹ́lẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Atlanta

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́ láti ìgbà pípẹ́.

Ní Georgia níbí, ní oṣù kẹta ọdún 2022, Gómìnà Brian Kemp fọwọ́ sí òfin tó dá owó orí epo bẹntiróòlù dúró, sẹ́ǹtì 29.1 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Oṣù yẹn kan náà ló tún fọwọ́ sí òmíràn pé kí wọ́n dá owó padà fún ẹni tó bá ti san owó orí: dọ́là 250 fún ẹni tó dá wà, 375 fún ẹni tó ń dá gbọ́ bùkátà ilé, 500 fún tọkọtaya. Oṣù karùn-ún ni owó náà bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ni ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti epo ńkọ́? Wọ́n ń sún un síwájú, wọ́n ń sún un síwájú, títí ìbò oṣù kọkànlá fi kọjá. Oṣù kìíní 2023 ni owó orí náà padà.

Ọkọ mi ní wọ́n fi owó náà ra ìbò wa ni. Èmi ní owó tí mo san ni wọ́n dá padà fún mi, kí ló wá kàn mí nínú ọjọ́ tí wọ́n mú? Ẹ gbà wá.

Dìtú_Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀rín ló ń pa mí. Nígbà ìbò gómìnà Èkìtì ní 2018, "dìbò kí o se ọbẹ̀" ni àwọn èèyàn ń pè é. Tiyín náà rèé, àfi pé ẹ fi ìwé òfin wé e. Kí ni ìyàtọ̀, ẹ jọ̀ọ́?

Akọ̀wé_Owó

Dìtú, ìyàtọ̀ wà, má jẹ̀ẹ́ ká da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó gbowó nítòsí àpótí ìbò, wọ́n fẹ́ rí i pé ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó san án. Ní Georgia, ẹni tó dìbò fún Kemp gbà á, ẹni tó dìbò fún Stacey Abrams alátakò rẹ̀ gbà á, ẹni tó sùn sílé lọ́jọ́ ìbò náà gbà á. Ìyẹn kò ní kí n sọ pé ọwọ́ wọn mọ́ o. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ owó náà.

Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ pín nǹkan bíi bílíọ̀nù 195 dọ́là fún àwọn ìpínlẹ̀ lábẹ́ òfin ìrànwọ́ àsìkò kòrónà. Òfin náà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi dí àlàfo owó orí tí wọ́n bá dín kù. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì gbé gbólóhùn yẹn lọ sí kóòtù. Lẹ́yìn náà ni ọjà gbówó lórí. Iye ọjà ni owó orí ọjà sì ń bá lọ sókè. Nígbà tí 2022 fi máa dé, àpò àwọn gómìnà ti wú ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ìpínlẹ̀ 36 ni wọ́n sì ti fẹ́ dìbò yan gómìnà lọ́dún náà.

Ẹ wá wo eré. Ní Colorado, òfin kan tó wà láti 1992, TABOR ni wọ́n ń pè é, ti pàṣẹ pé owó tó bá kọjá òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ aráàlú. Ìgbà tí èèyàn bá ń kọ ìwé owó orí rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló máa ń rí i gbà. Ní 2022, wọ́n ṣòfin pé kó tètè jáde. Sọ̀wédowó dọ́là 750 fún ẹnì kan, 1,500 fún tọkọtaya, ó dé ọwọ́ wọn ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án. Gómìnà Jared Polis sì ń wá sáà kejì ní oṣù kọkànlá. California bẹ̀rẹ̀ sí san tiẹ̀, dọ́là 200 títí dé 1,050, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá. Ẹgbẹ́ Democrat ni gómìnà ìpínlẹ̀ méjèèjì o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Ti Florida ló dùn mọ́ mi jù. Gómìnà Ron DeSantis, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, béèrè fún ẹ̀dínwó bílíọ̀nù kan dọ́là lórí owó orí epo. Ilé aṣòfin gé e kù sí oṣù kan ṣoṣo. Oṣù wo? Oṣù kẹwàá. Wọ́n ní àwọn àlejò tó ń wá gbafẹ́ kì í pọ̀ nígbà yẹn, kí ẹ̀dínwó náà lè dé ọwọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ gan-an. Ìbò bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá.

Kí n má sì fi èyí tó lòdì sí ọ̀rọ̀ mi pamọ́: Massachusetts náà bẹ̀rẹ̀ sí dá owó padà ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2022, ọ̀sẹ̀ kan péré sí ìbò. Ṣùgbọ́n òfin tí aráàlú fúnra wọn dìbò fún ní 1986 ló fà á, Gómìnà Charlie Baker kò sì du ipò kankan lọ́dún náà. Nítorí náà, kí owó dé lásìkò ìbò nìkan kò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Adé_Tírọ́ọ̀kì

Oṣù kẹwàá nítorí àwọn àlejò 😂😂 Àwọn èèyàn yìí ò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Alábòójútó_Ilé_Epo

Ilé epo ni mò ń bójú tó ní Illinois, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Òfin ìpínlẹ̀ yìí ni pé owó orí epo ń gòkè ní gbogbo ọjọ́ 1 oṣù keje láti bá ọ̀wọ́n ọjà mu. Ní 2022, Gómìnà JB Pritzker àti ilé aṣòfin sún àlékún ọdún náà sí ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2023. Ẹ kíyè sí i dáadáa: wọn kò dín nǹkan kan kù. Sẹ́ǹtì 39.2 tí a ń san tẹ́lẹ̀ la ń san lọ. Àlékún tí wọ́n rò nígbà náà pé yóò jẹ́ bíi sẹ́ǹtì méjì ni wọ́n ní kó dúró ná.

Èyí tó wá bí wa nínú ni ìwé tí wọ́n ní ká lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ epo. Òfin kan náà pàṣẹ pé gbogbo ilé epo gbọ́dọ̀ lẹ ìkéde pé Ìpínlẹ̀ Illinois ti dá àlékún owó orí dúró. Ẹni tí kò bá lẹ̀ ẹ́, owó ìtanràn dọ́là 500 lójúmọ́! Ẹgbẹ́ àwọn olóko-òwò epo pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n ní kò sí ẹni tó yẹ kó fipá mú wa máa ṣe ìpolongo fún olóṣèlú ní ìta ilé ìtajà wa. Àwọn tó ń ta oúnjẹ náà ní ìkéde tiwọn láti lẹ̀, nítorí wọ́n dá owó orí oúnjẹ, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, dúró fún ọdún kan.

Ìbò kọjá. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2023, owó orí epo di sẹ́ǹtì 42.3. Oṣù keje ọdún kan náà, ó di 45.4. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gòkè lọ́dún kan. Kò sí ẹni tó ní ká lẹ ìwé tìyẹn o.

Dìtú_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ì bá kúkú tẹ tiyín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Alábòójútó_Ilé_Epo

Kí wọ́n wá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mi? Mo lọ́mọ ní yunifásítì.

Ọmọ_Wichita

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ dọ́là 250. Ẹ wá gbọ́ ti Kansas.

Sam Brownback di gómìnà lẹ́yìn ìbò 2010. Ní 2012 ó fọwọ́ sí òfin tó dín owó orí lórí owó tó ń wọlé kù, òkè pátápátá láti ìdá 6.45 nínú ọgọ́rùn-ún sí 4.9. Ó tún ní kí èrè àwọn ilé iṣẹ́ tí kì í san owó orí ilé iṣẹ́ ńlá, irú LLC, bọ́ lọ́wọ́ owó orí ìpínlẹ̀ pátápátá. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi pè é ní àdánwò. Wọ́n rò pé nǹkan bí 200,000 ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n lé ní 330,000. Èèyàn ń dìde láàárọ̀, á ní òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́, ilé iṣẹ́ ni òun. Owó oṣù rẹ̀ á sì bọ́ lọ́wọ́ owó orí. Èmi nọ́ọ̀sì ń san tèmi lọ.

Àpò ìjọba jò. Ní 2014, àwọn tó ń díwọ̀n ìgbẹ́kẹ̀lé gbèsè rẹ Kansas sílẹ̀, ìyẹn ọdún ìbò gan-an. Brownback ń sọ fún wa pé àǹfààní ń bọ̀, ẹ ní sùúrù. Ó wọlé padà, kò fi ohun tó pọ̀ borí.

Ó wọlé tán, ní oṣù kẹfà 2015, ó fọwọ́ sí àlékún owó orí ọjà láti ìdá 6.15 sí 6.5, àti sẹ́ǹtì 50 lórí páálí sìgá kọ̀ọ̀kan. Nígbà yẹn, Kansas ń gba owó orí ọjà yẹn lórí oúnjẹ, odidi rẹ̀, kò yọ búrẹ́dì sílẹ̀. Ẹni tó ní LLC kò san nǹkan kan lórí èrè rẹ̀, ìyá tó ń ra wàrà ọmọ ń san ìdá 6.5 ti ìpínlẹ̀ kí ti ìlú tó gun orí rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn títí dòní, ju gbogbo ariwo gbèsè lọ.

Ọdún 2017 ni ilé aṣòfin wọ́gi lé àdánwò náà. Gómìnà kọ̀, wọ́n sì borí kíkọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican tirẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe é.

Ìyá_Ìbejì_Atlanta

Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé wọ́n ti mú owó orí oúnjẹ kúrò ní Kansas báyìí, ọdún ìbò náà sì ni wọ́n ṣe òfin rẹ̀. Ṣé ìyẹn náà burú?

Ọmọ_Wichita

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Gómìnà Laura Kelly fọwọ́ sí i ní 2022, ọdún tó ń wá sáà kejì. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bá a du ipò náà ń pariwo pé òun náà fẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn méjèèjì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, ta ni yóò dìde kó ní òun kò fẹ́? Ó di ìdá mẹ́rin ní oṣù kìíní 2023, ìdá méjì ní 2024, òfo ní 2025. Kò burú rárá. Ó dé lẹ́yìn ìbò, kò sì pa dà lẹ́yìn ìbò. Ó sì kan gbogbo ẹni tó ń jẹun. Tí ọdún ìbò bá lè bí irú èyí, kí wọ́n máa dìbò lọ́dọọdún.

Alámòójútó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo pa ìfèsì méjì rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń bú ìyá ara wọn. Ẹ bú òfin, ẹ má bú ìyá.

Bàbá_Ìbejì

Èmi ni ọkọ tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyàwó mi kò sọ fún yín pé láti ìgbà tí dọ́là 500 yẹn ti wọlé ni òun ti ń pe gómìnà ní "ọmọ dáadáa". Ìyẹn ni mo ṣe ní wọ́n ti rà á.

Ìyá_Ìbejì_Atlanta

Ẹ̀yin ẹ fi bàbá yìí sílẹ̀. Kemp tún dá owó orí epo dúró ní oṣù kẹsàn-án 2023, ó tún dá owó padà lọ́dún yẹn. Ìbò wo ló ń dù ní 2023? Kí ó dáhùn.

Bàbá_Ìbejì

Àṣà ló ti di nígbà náà. Ẹni tó bá ti jẹ oyin tán, ó mọ ibi tí afárá wà.

Lọ́yà_Kékeré

Ẹ jẹ́ kí n wọlé sí i láti ojú òfin, nítorí ọ̀rọ̀ "àbẹ̀tẹ́lẹ̀" ń fò lọ fò bọ̀ níbí.

Ní Amẹ́ríkà, kí olóṣèlú ṣèlérí ẹ̀dínwó owó orí fún gbogbo èèyàn, kó sì mú un ṣẹ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìbò, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ níwájú òfin. Òṣèlú ni. Ibi tí ó ti ń le ni ìgbà tí ẹnì kan bá fowó sínú àpò ìpolongo olóṣèlú tí òfin tó bá onítọ̀hún lára mu sì jáde. Ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 1991, ẹjọ́ McCormick, aṣòfin kan ní West Virginia, ni pé owó ìpolongo kò di ẹ̀ṣẹ̀ ìfipágbowó àfi tí wọ́n bá fi ìlérí kedere dè é: fún mi ní èyí, màá ṣe ìyẹn. Ẹ sọ ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu!

Ní oṣù kẹfà 2024, ilé ẹjọ́ yẹn tún dín ohun tí òfin ká kù. Olórí ìlú Portage ní Indiana tẹ́lẹ̀, James Snyder, gba dọ́là 13,000 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ìlú náà ti ra ọkọ̀ akólẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní owó ìmọ̀ràn ni. Adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fi dá a lẹ́bi kò kan owó ìdúpẹ́ tó dé lẹ́yìn iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dúnàá dúrà, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí ìpínlẹ̀ tàbí ìlú fúnra wọn ṣòfin tó kà á léèwọ̀.

Nítorí náà, Bàbá Ìbejì, dọ́là 500 tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn kọ́ ló yẹ kó máa ká yín lára. Èyí tí wọn kò polongo rẹ̀ ni.

Akọ̀wé_Owó

Lọ́yà fọwọ́ kan ibẹ̀ gan-an. Ìlú Chicago ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn kò polongo.

Àpapọ̀ owó tí ilé ẹ̀kọ́, ọgbà ìṣeré àti ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń là kalẹ̀ nínú owó orí ilé níbí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pín in sórí ilé gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n dá lé ilé kọ̀ọ̀kan. Tí lọ́yà onílé gogoro kan bá jà títí wọ́n fi dín iye ilé rẹ̀ kù, owó náà kì í pòórá. Orí àwa tó kù ló ń já lé. Bẹ́ẹ̀, àwọn olóṣèlú ńlá ló ni àwọn ọ́fíìsì lọ́yà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Michael Madigan, tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin Illinois láti 1983 títí dé 2021, àfi ọdún méjì péré láàrin, ní tirẹ̀. Edward Burke, káńsẹ́lọ̀ Chicago fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, tó tún di alága ìgbìmọ̀ ìṣúná ìlú, ní tirẹ̀.

Bí Burke ṣe ń ṣe é rèé: ẹni tó fẹ́ tún ilé oúnjẹ Burger King kan kọ́ ní àdúgbò rẹ̀, ìwé àṣẹ á di. Àwọn tó ń tún ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ ńlá ní àárín ìlú ṣe, wọ́n nílò ìrànwọ́ ìlú. Ohun tó sì fẹ́ ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ owó orí ilé wọn wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún FBI. Nínú ohùn náà lẹ ti máa gbọ́ ọ tó ń béèrè lórí àwọn ti ilé ìfìwéránṣẹ́ náà bóyá àwọn ti fa ẹja túná náà wálẹ̀. Oṣù kejìlá 2023 ni wọ́n dá a lẹ́bi ẹ̀sùn 13 nínú 14. Ọdún méjì lẹ́wọ̀n àti owó ìtanràn mílíọ̀nù méjì dọ́là.

Ti ìbò níbẹ̀ ńkọ́? Oṣù kìíní 2019 ni ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn kàn án. Oṣù kejì 2019 ni ìbò káńsẹ́lọ̀. Wọ́n dìbò fún un, ó wọlé.

Dìtú_Ìbàdàn

Ó wọlé?? Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án? Mo ti rò pé àwa nìkan la ní irú ìyẹn.

Ará_Columbus

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, ti Ohio ń bọ̀. Larry Householder, aṣòfin kan níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná FirstEnergy àti àwọn tó so mọ́ ọn fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 dọ́là gba inú ẹgbẹ́ kan tó wà lábẹ́ ìdarí rẹ̀. Ó fi lára owó náà ti àwọn olùdíje lẹ́yìn nínú ìbò 2018, kí wọ́n lè dìbò fún un láti di olórí ilé aṣòfin. Ó dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní 2019. Oṣù keje ọdún náà, òfin HB 6 jáde: owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là fún ilé iṣẹ́ amúnáwá átọ́míìkì méjì, kí a máa san án díẹ̀díẹ̀ lórí bíìlì iná. Wọn kò pè é ní owó orí. Èmi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é, nítorí ẹni tó bá kọ̀ láti san án, wọn ì bá já iná rẹ̀, kí ilé aṣòfin tó wọ́gi lé owó náà ní 2021.

Oṣù keje 2020 ni FBI mú un. Oṣù kọkànlá 2020, wọ́n tún dìbò yàn án. Orúkọ alátakò kankan kò sí lórí ìwé ìbò, àfi ẹni tó bá fọwọ́ kọ tirẹ̀ sí i. Ilé aṣòfin lé e jáde ní 2021, kóòtù sì rán an lẹ́wọ̀n ogún ọdún ní 2023.

Adé_Tírọ́ọ̀kì

Ìwà wọn kan náà ni, ní Ohio tàbí ní Illinois. Madigan náà ti gba ọdún méje àbọ̀ ní oṣù kẹfà 2025, ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ló pọ̀ jù níbẹ̀ bákan náà. Mo ní kí n fi kún un.

Ìyá_Ìbejì_Atlanta

Ẹ ti dẹ́rù bà mí. Ṣé ọ̀nà wà tí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà fi lè mọ iye tí ìjọba ń yọ̀ǹda fún irú àwọn èèyàn wọ̀nyí, kí FBI tó dé?

Akọ̀wé_Owó

Díẹ̀ wà, mà. Láti 2015, ìgbìmọ̀ tó ń là ọ̀nà ìṣirò owó sílẹ̀ fún ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀, GASB, ti gbé ìlànà 77 jáde. Ìjọba gbọ́dọ̀ kọ iye owó orí tí wọ́n yọ̀ǹda nínú àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ sínú ìròyìn ìṣúná ọdọọdún wọn. Ó máa ń wà lẹ́yìn, níbi àlàyé tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ẹ wá "tax abatement" nínú ìwé náà. Iye owó àti orúkọ ètò lẹ máa rí. Kò di dandan kí wọ́n dárúkọ ilé iṣẹ́ tó gbà á.

Bàbá_Ìbejì

Kò di dandan! Ẹ gbọ́ ọ. Nígbà tó jẹ́ dọ́là 500 tèmi, orúkọ mi, àdírẹ́sì mi, nọ́ńbà mi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbà.

Lọ́yà_Kékeré

Tí orúkọ bá sì wà, ẹ má rò pé ẹjọ́ ti parí. Ní New Jersey, wọ́n fẹ̀sùn kan George Norcross, ẹni tí agbára rẹ̀ nínú òṣèlú ibẹ̀ pọ̀, ní oṣù kẹfà 2024, lórí ẹ̀dínwó owó orí tí ìpínlẹ̀ fún àwọn tó bá kọ́lé sí Camden. Wọ́n ní òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló darí òfin náà sí ibi tó wù wọ́n. Ó ní irọ́ ni. Oṣù kejì 2025, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù kó tó dé ìgbẹ́jọ́: bí gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀sùn náà bá tilẹ̀ jóòótọ́, kò tó ọ̀ràn.

Dìtú_Ìbàdàn

Ẹ̀dínwó yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n gbà á padà?

Lọ́yà_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, òfin ló fún wọn.